Ẹ̀rọ Inú Ẹ̀rọ, ní Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá àti bùbú ní Tchamba. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ó sì lè gba òwú mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ọnà sórí kọ̀ǹpútà: ibi tí abẹ́rẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí á ti fò, bí òwú á ṣe sún mọ́ra tó. Lẹ́yìn náà ni á fi clé, ohun kékeré tí à ń kì bọ ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé e lọ sínú ẹ̀rọ. Ohun tó yà yẹn ni wọ́n ń pè ní bátànì. Tí bátànì bá wà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ òwú fà bọ abẹ́rẹ́ lè tẹ bọ́tìnnì kó sì jókòó ti iṣẹ́. Tí kò bá sí, irin lásán ló wà nílẹ̀.

Sokodé ni èmi ń gbé. Mo ní yàrá kan lẹ́bàá ọjà, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fáwọn èèyàn, tí mo sì ń tún kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ṣe. Ẹnì kankan ò kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ parí sí troisième, ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo ní, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo bà á jẹ́, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo sì tún un ṣe, ìwé àjákọ tí mo fi ń kọ ohun tí mo rí nígbà kọ̀ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí nǹkan bá ṣiṣẹ́, mo fẹ́ mọ ìdí. Tí kò bá ṣiṣẹ́, n kì í lè jẹun.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ti gbó. Windows XP ló wà nínú rẹ̀, torí pé ètò tó fi ń ya bátànì kì í ṣiṣẹ́ lórí èyí tó bá tuntun ju ìyẹn lọ. Ètò ọ̀hún tún ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé kan tí kò gùn ju ìka lọ, tó gbọ́dọ̀ wà nínú ihò USB kí ètò tó lè ṣí. Nígbà ọyẹ́ kan, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò tàn mọ́. Mo tú u. Kápásítọ̀ mẹ́rin, ohun róbótó tó ń tọ́jú iná, lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti wú lórí bí eéwo tó fẹ́ tú. Dísíìkì rẹ̀ nìkan ló yè.

Oṣù yẹn kan náà ni dókítà ojú ní Sokodé sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé glaucome ni ohun tó ń ṣe é. Omi inú ojú ló ń ti ojú láti inú, tó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín. Oògùn kíkán lè mú kó rọra rìn. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Èmi ni mo bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, èmi náà ni mo bá a jókòó sí ìbùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Tchamba lẹ́yìn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà ní láti inú pípù ni mo máa máa wo ayé. Pípù ọ̀hún á sì máa tín-ín-rín."

Mo bi í léèrè bóyá ó fẹ́ mu omi.

Ó ní, "Gbọ́ mi. Bátànì tó wà nínú orí mi, mi ò tíì ya ìdá mẹ́rin rẹ̀. Bá mi wá kọ̀ǹpútà tí màá fi yà wọ́n tán kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Ìyàwó mi mọ ẹ̀rọ yẹn lò ju èmi gan-an lọ. Tí bátànì bá ti wà níbẹ̀, tí mi ò bá tiẹ̀ ríran mọ́, iṣẹ́ á máa lọ, wọn ò sì ní jìyà nílé mi."

Iṣẹ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀.

Mo wá kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan, mo sì fi Linux, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sí i. Mo fa gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì àtijọ́ yẹn jáde sínú fáìlì kan ṣoṣo, mo wá kó fáìlì náà sínú ohun tí èmi ń pè ní ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ètò kan ni, tó máa ń purọ́ fún Windows pé odindi kọ̀ǹpútà ló bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fún un ní dísíìkì tí kì í ṣe dísíìkì, ojú ìwòran tí kì í ṣe ojú ìwòran. Windows á gbà á gbọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú fèrèsé kan lórí Linux. Nígbà àkọ́kọ́, ojú búlúù ló yọ sí mi, tó sì kú. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀: ọ̀nà tuntun tí à ń pè ní SATA ni mo fi so dísíìkì náà, ti àtijọ́ tí à ń pè ní IDE nìkan ni Windows yẹn mọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fún un ní gígà kan ìrántí, ogún gígà dísíìkì. Kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ ewé yẹn kọ́kọ́ kọ̀ láti wọlé, àfìgbà tí mo fi orúkọ ara mi kún àwọn tí Linux gbà láyè láti fi ohun USB ránṣẹ́ sínú. Nígbà tí ètò bátànì ṣí, tí mo rí ojú rẹ̀ aláwọ̀ eérú, mo pariwo nínú yàrá mi débi pé obìnrin tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo gbé e lọ sí Tchamba. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọn, ó wo Linux lẹ́yìn, ó wo Windows nínú fèrèsé.

"Ìyàwó, wá wò ó o! Kọ̀ǹpútà yìí lóyún!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Oyún oṣù mélòó?"

"Bi oníṣègùn rẹ̀. Òun ló fún un lóyún."

A rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. N kò lè ṣe kí n má ṣàlàyé. Mo fi fọ́tò hàn án. Ètò yẹn máa ń pè é ní instantané, àwa ń pè é ní fọ́tò: bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ bá ṣe rí ní ìṣẹ́jú kan, èèyàn lè yà á pa mọ́, kó sì dá gbogbo rẹ̀ padà síbẹ̀ nígbàkigbà. Mo ya ti ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ́ ní Propre, ìyẹn ni pé ó mọ́ tónítóní.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀, mo lè dá a padà. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ rárá."

Mo tún ṣe ohun kan tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Tí a bá dá ẹ̀rọ padà sí fọ́tò, gbogbo ohun tí èèyàn ṣe sínú rẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò náà máa lọ. Nítorí náà, yàtọ̀ sí C, dísíìkì tí Windows fúnra rẹ̀ wà, mo ṣe dísíìkì kejì fún un, D, mo sì yọ D kúrò nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò pátápátá. Ohun tó bá wà nínú D, kò sí fọ́tò tó lè fọwọ́ kàn án.

"Gbogbo bátànì, inú D ni kí ẹ máa fi sí, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe C. D."

"Mo gbọ́, Madame D."

Ó yẹ kí n sọ bí àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí ṣe rí. Wọn kì í fi bátànì han ara wọn. Ọ̀gá tó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ ní Sokodé, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀ ló ń kó ìwé àwòrán rẹ̀ sí, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á sì lo ọdún mẹ́rin láìfojú kàn án. Ní ayé kọ̀ǹpútà, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí àyè kì clé bọ kọ̀ǹpútà rẹ fún ìṣẹ́jú kan péré lè kó iṣẹ́ ogún ọdún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi bátànì sílẹ̀ lórí clé. Tí ẹ̀rọ bá ti ṣe iṣẹ́ tán, á nù ún kúrò nínú clé, á sì nù ún kúrò nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú. Mo mọ̀. Gbogbo wa ló mọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó bi mí ní ìbéèrè kan bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

"Tí èèyàn bá fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ nínú Windows, tí ẹni tó bá ṣí i ò ní rí i, ṣé ó ṣeé ṣe?"

Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo fi hàn án bí a ṣe ń wọ inú ikùn Windows fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn fáìlì rẹ̀ ti pọ̀ lọ bí iyanrìn, bí a ṣe ń dá àpò tí a lè kó fáìlì sí sáàárín wọn, tí a ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tó jọ tiwọn, àti àṣẹ kúkúrú tó ń sọ àpò náà di ohun tí ojú kò rí. Mo fi hàn án pé ó lè tẹ ọ̀nà tó lọ sí àpò náà sí òkè fèrèsé kó sì ṣí i. Ó ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún un ṣe. Ó kọ ọ́ sórí páálí tí wọ́n ń ká òwú sí. N kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Mo wọ takisí, mo padà sí Sokodé, inú mi sì ń dùn lójú ọ̀nà pé mo kọ́ni ní nǹkan.

Oṣù méje ló fi ṣiṣẹ́. Jímọ̀ méjì méjì ni mò ń lọ, mo sì máa ń ṣí D kí n ka ohun tó wà níbẹ̀. Mẹ́rin. Mẹ́sàn-án. Mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà, mẹ́tàlá ni títí. Mo rò pé ojú rẹ̀ ló fà á. Mo rí i bó ṣe ń sún mọ́ ojú ìwòran títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kàn án, bó ṣe ń yí gbogbo orí padà kó tó rí igun òsì. Mo sọ fún ara mi pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́, pé kí n má bi í léèrè, kí n má fi ọwọ́ kan ọgbẹ́ rẹ̀. Àánú ni mo pè é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọ̀sán, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Iná lọ, bátìrì kú, kọ̀ǹpútà pa nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí iná dé, Windows ṣí, ṣùgbọ́n ètò bátànì ní fáìlì kan sọnù, kò sì gbà láti ṣí.

Mo ní, "Ìṣẹ́jú méjì ni. Mò ń bọ̀."

Mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì dúró ti kọ̀ǹpútà bí ẹni dúró ti aláìsàn. Mo ṣí D lákọ̀ọ́kọ́. Mẹ́tàlá. Ó pé. Mo wá pa Windows, mo sì ní kí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ padà sí Propre. Ètò náà bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo èèyàn: ṣé kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò bí nǹkan ṣe rí báyìí, torí pé tí o kò bá yà á, kò ní sí mọ́? Ó ti fi àmì sí àpótí kékeré yẹn fún mi tẹ́lẹ̀. Mo wo dísíìkì: gígà méjì àti díẹ̀ péré ló kù. Mo rò pé fọ́tò mìíràn á kún un. Mo rò pé kí ni mo fẹ́ fi fọ́tò ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mo yọ àmì náà kúrò. Mo tẹ Restaurer, bọ́tìnnì tó ń dá a padà.

Kò pé ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Mo tan Windows. Ètò bátànì ṣí, ojú rẹ̀ aláwọ̀ eérú mọ́ roro. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá Ẹ̀rọ! Ọwọ́ rẹ ò ní rọ o. Dìde, dìde, jẹ́ kí n jókòó."

Ó jókòó. Ó gbé ojú sún mọ́ ọn. Ó tẹ nǹkan sókè níbi tí wọ́n ń tẹ ọ̀nà sí, ó tẹ̀ ẹ́ láìwo páálí kankan. Ó dúró. Ó nù ún, ó tún un tẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ó ní kò sí i."

"Kí ni ò sí, ẹ̀gbọ́n?"

"Àpò mi."

"Gbogbo ẹ̀ wà nínú D. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mẹ́tàlá."

"Ìyẹn làwọn àtijọ́. Gbogbo ọjà ló ní ìyẹn." Kò gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Àwọn tuntun wà nínú ibi tí o fi hàn mí. Mo fi àwọn àtijọ́ síta kí ẹni tó bá wá jalè lè rí nǹkan kó lọ."

Ọkàn mi kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kí ó tó bẹ̀rù. Ikùn Windows, C ni. C, fọ́tò ti dá a padà.

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Méjìdínlógójì. Ó ku méjì."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó ku méjì kí ni?"

"Kó pé ogójì. Kó tán." Ó wá yí orí sí mi. "Dá a padà. O ní o lè dá a padà."

"Sí ọjọ́ kìíní ni, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ la wà báyìí."

"Dá a padà sí àárọ̀ yìí."

"Mi ò ní fọ́tò àárọ̀ yìí."

"Tí àná ńkọ́?"

"Ẹ̀yọ kan ni mo yà."

Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́, "Kò bi ọ́ kó tó ṣe é ni?"

Mo lè purọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní, "Ó bi mí."

Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ padà sí oṣù méje sẹ́yìn. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò bá a padà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Sokodé láì tàn án mọ́, torí pé gbogbo ìgbà tí a bá tan án ló lè kọ nǹkan lé ohun tó ti pa rẹ́. Mo yọ dísíìkì rẹ̀, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn pé kí ó kàn máa kà á, kí ó má kọ nǹkan kan sí i. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù rìn ín já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí nǹkan kan. Mo wá ń ka dísíìkì náà fúnra mi, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, níbi tó yẹ kí fáìlì náà wà. Òdo ni. Òdo, òdo, òdo, gbogbo ìlà. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rántí. Irú dísíìkì tuntun yìí, èèyàn lè pàṣẹ fún un pé kó gbá ibi tí a bá pa rẹ́ mọ́ lójú ẹsẹ̀, kó lè máa yára. Àṣẹ náà kì í ṣe dandan. Èmi ni mo kà nípa rẹ̀, èmi ni mo fi sí i. Déètì rẹ̀ wà nínú ìwé àjákọ mi, mo tilẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Ó dáa." Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ pé "ó dáa" láìfi àwàdà kún un, nǹkan kò dáa rárá.

A gbìyànjú láti tún wọn yà. Mo lọ bá àwọn oníbàárà tí wọ́n ti ra aṣọ, mo fi tẹlifóònù ya àwòrán ọrùn aṣọ wọn, márùn-ún péré ni mo rí. Èyí tó kù, kò tíì fi abẹ́rẹ́ sí wọn rí. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ, mo ń yà.

"Fà á wá sísàlẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Jẹ́ kó rọ̀."

"Báwo ni rírọ̀ ṣe rí, ẹ̀gbọ́n? Ẹ sọ ọ́ ní mìlímítà."

"Mi ò fi mìlímítà yà á. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Èmi tí mo fẹ́ràn nọ́ńbà, kò ní nọ́ńbà tó lè fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ya ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ fi sínú ẹ̀rọ. Òwú já lẹ́ẹ̀mẹfà, aṣọ sì sunkì ní igun níbi tí mo ti jẹ́ kí ó ki jù. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, kò gbé e sójú. Ó fi àtàǹpàkò tọ ọnà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró ní igun, ó padà sókè.

Ó ní, "Ó jọ ọ́."

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e lé orí tábìlì, kò sì tún pè mí wá jókòó mọ́. Mo kó mẹ́tàlá yẹn sínú ẹ̀rọ kí n tó gbé kọ̀ǹpútà padà sí Sokodé, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà máa ń wò ó, wọ́n á ní wọ́n ti rí èyí nílé oníṣẹ́ ọnà kejì, wọ́n á sì lọ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun, ó ní òun fẹ́ lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wa ní Kambolé. Mo sìn ín lọ. Ó ti ń fi ọwọ́ kan ejìká mi báyìí nígbà tí a bá ń rìn níbi tí kò mọ̀. Ìyá wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa àgbàdo. A kí i, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá ní, "Wọ́n ní kọ̀ǹpútà yín kú."

Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn. "Ó bàjẹ́, Ìyá. Iná ló bà á jẹ́."

Iná kò bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́. Ó wà ní yàrá mi ní Sokodé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́.

Ìyá yí sí mi. "Ìwọ tí wọ́n ń ti Bago wá bá kí o báwọn tún nǹkan ṣe, ti ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá ṣòro fún ọ?"

"Ó gbìyànjú, Ìyá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ fi í sílẹ̀."

"Mi ò bá a jà. Mo kàn ń béèrè ni. Ṣé kò sí bó ṣe lè tún un ṣe ni?"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Mo gbìyànjú."

Ìyá mí kanlẹ̀, ó padà sídìí àgbàdo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá, ó ń wá mi, kò sì rí mi, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni mo jókòó sí.